Mo Ní Kí Ará Èbúté Má Kúnlẹ̀

Bàbá mi, Balógun mi,

Ẹ ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò lẹ́bàá orí yín lánàá. Èmi ni mo mú un wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró pẹ́, kò kí yín, kò sì bú yín. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé ta nìyí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti àárọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Fúnra mi ni mò ń kọ ọ́ o. Múníràtù, ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo ní kó gbé fóònù ẹ̀ jìnnà sí mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní ilé ìwé Ibùdó, ṣùgbọ́n mo kà á dáadáa. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ a, b, d fún mi sára ọkọ̀ tí ẹ ń gbẹ́ lọ́wọ́, kí tíṣà kankan tó rí mi. Bí mo bá ṣi àmì kọ, ẹ fojú fò ó.

Ẹ ti rí i pé ewé ti bo orí sàréè yín kó tó di àná. Láti ìgbà tí mo ti ti Ibùdó Àánú, ìlú ìjọ wa lórí omi, dé, mi ò lè dé ẹ̀yìnkùlé títí di àná. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi sí yín, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, àwọn mẹ́ta kan wá bá mi ní Atíkorí níbí, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní Ibùdó. Àwọn ọmọ àdúgbò dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò wọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń wo eégún. Èyí tó jẹ́ olórí wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní Àpọ́sítélì ló rán àwọn. Àpọ́sítélì tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ-ọmọ Bàbá Wòlíì tó dá ìjọ sílẹ̀ ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n, wọn ò tíì bí i nígbà tí ẹ kúrò níbẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ ìtàn àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ibùdó, wọ́n sì ti gbẹ́ òkúta kan, ẹ̀yin lẹ wà lára ẹ̀, ìbọn ní èjìká, àjẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní èmi nìkan ló kù láyé nínú gbogbo ọmọ àwọn ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni kí n wá fa aṣọ kúrò lórí ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Inú mi dùn, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rán Múní lọ ra ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, mo gbé àga yín gan-an síta fún olórí wọn.

Ẹ mọ̀ bí mo ṣe máa ń fi orúkọ yín ṣe. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, tí ìyáálé mi ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé ará inú omi ni mí, mo dìde láàárín agbo ilé, mo ní, “Bàbá tìẹ ń kun ẹran, bàbá tèmi ń ṣọ́ ìlú!” Òun náà dáhùn pé, “Ìlú wo? Èyí tí omi ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀ yẹn?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọkọ mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Balógun ni mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ, torí pé ọmọ Balógun ni mí. Mi ò kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rí, torí pé ọmọ Balógun ni mí. Orúkọ yìí ni mo fi dúró láyé, Bàbá, mi ò ní òmíì.

Kì í sì í ṣe orúkọ lásán. Mo rántí. Mo rántí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí a fi imọ̀ kọ́, bí wọ́n ṣe dáná sun ún tí ooru ẹ̀ dé ojú mi. Mo rántí bí àwọn ará etí omi, àwọn ará Èbúté, ṣe ń gé àwọ̀n wa, tí wọ́n ń pè wá ní wèrè aláṣọ funfun, pé a wá gba ibi tí bàbá wọn ti ń pẹja. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni yín, láti Ìjẹ̀bú-Igbó níbí lẹ ti tẹ̀lé Bàbá Wòlíì lọ sórí omi nítorí Ọlọ́run, ẹ ò gbé ohun ìjà kankan dání. Àwọn ni wọ́n sọ yín di balógun. Mo rántí bí ẹ ṣe kó àwọn apẹja àti àwọn agbọ́nmi jọ sórí iyanrìn, tí ẹ ń kọ́ wọn ní títò pẹ̀lú àjẹ̀ ní èjìká, torí pé ìbọn ṣakabùlà ò tíì kárí. Àwa ọmọdé ń tò tẹ̀lé yín pẹ̀lú igi ìdáná. Ẹ ò lé wa. Ẹ ní kí a na àyà.

Mo sì rántí orin. Ọkọ̀ kankan ò lè dé èbúté Ibùdó láìjẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ kọ orin sí i. Ẹ̀ṣọ́ á gbé e láti orí òpó ìṣọ́ pé, “Ta ló ń bọ̀ lórí omi o?” Ẹni tó ń bọ̀ á gbà á pé, “Ọmọ Ìmọ́lẹ̀ ni, ẹ ṣílẹ̀kùn.” Ohùn yín ló dùn jù nínú wọn. Màmi á máa fọ àwo lọ́wọ́, tó bá ti gbọ́ ohùn yín látòkè, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn mẹ́ta yẹn mu ẹlẹ́rìndòdò wọn tán. Ìgbà yẹn ni olórí wọn wá sọ ìyókù. Ó ní àwọn ará Èbúté tó wà ní òdìkejì omi máa wá lọ́jọ́ náà, pé wọ́n ti gbà láti kúnlẹ̀ níwájú òkúta yín, kí wọ́n tọrọ àforíjì fún àwọn obìnrin tí bàbá wọn pa nínú ọkọ̀. Ìjọ á dárí jì wọ́n, wọ́n á sì gbà wọ́n láyè láti máa pẹja padà ní ìhà tiwa. Ó ní, “Màmá, ẹ ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìyá yín ò lọ lásán.”

Ife ẹlẹ́rìndòdò bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ fún mi, tí ẹ ò sì sọ ohun tí n ó fi ṣe?

Mo ṣì ń rí ọ̀sán yẹn. Òjò ti dá, ẹ̀rọ ilé ìlagi ń ké lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ wà lórí ẹní nínú pálọ̀, ẹ ti rù bí igi. Ẹ ní kí n sún mọ́ yín. Mo rò pé omi lẹ fẹ́.

Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí gbogbo Ibùdó mọ̀: pé ará Èbúté ba de màmi àtàwọn obìnrin ìjọ lórí omi, wọ́n pa wọ́n, ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀ṣọ́ sì gbẹ̀san. Mo fi kórìíra dàgbà. Bí ẹlẹ́ja bá gbé igbá dé Atíkorí tó ní apá Èbúté lòun ti wá, mi ò ní ná ẹja ẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa kọ sí i.

Ẹ wá sọ fún mi lọ́sàn-án yẹn pé àwọn obìnrin náà lọ gba ààwẹ̀ ìdákẹ́ ní erékùṣù àdúrà. Mo mọ ààwẹ̀ yẹn, gbogbo ọmọ Ibùdó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ ké, títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá la ẹnu, ti gbogbo wọn ti bàjẹ́. Ẹ ní ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n dé, ṣùgbọ́n aboyún kan wà láàárín wọn tí ara ẹ̀ ò yá, wọ́n bá wa ọkọ̀ bọ̀. Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Ìkùukùu bo omi, èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà lórí òpó.

Ẹ gbọ́ àjẹ̀. Ẹ gbé orin: “Ta ló ń bọ̀ lórí omi o?” Ẹnikẹ́ni ò gbà á. Ẹ tún un gbé. Wọ́n fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀ ni o, Bàbá, ohun tí wọ́n lè ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin rò pé ọ̀tá ló ń lu ọkọ̀ fi pè yín níjà. Màmi nasẹ̀ dìde níwájú ọkọ̀, ó ju ọwọ́ sókè, aṣọ funfun nínú ìkùukùu funfun. Ẹ ní kí wọ́n yìnbọn. Tiyín ló kọ́kọ́ dún.

Ẹ ní kò ké. Ìbọn bà á, kò ké. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo ń bi ara mi látìgbà náà nìyí: ṣé ààwẹ̀ ló dì í lẹ́nu, àbí ó gbọ́ ohùn yín, ó sì fọkàn balẹ̀? Ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ohùn tó máa ń rẹ́rìn-ín sí nídìí àwo ni. Bóyá ó ń dìde kí ẹ lè rí òun dáadáa. Ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀.

Mo lè gba ìyẹn mì, Bàbá. Ìkùukùu ni. Àṣìṣe ni. Ẹni tó bá bú yín fún ìyẹn, èmi náà á bú u padà. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò gbà mí lọ́nà ọ̀fun. Ẹ ní Bàbá Wòlíì pè yín wọ yàrá, ó ní bí ìjọ bá gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ ló pa àwọn obìnrin ìjọ, Ibùdó á tú. Ó ní ará Èbúté ló pa wọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ ti kó àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ, ẹ ti wa ọkọ̀ kọjá, ẹ ti sun Èbúté pẹ̀lú àwọn tó wà nínú ilé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó sì wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Bàbá Wòlíì kéde ààwẹ̀ ìdákẹ́ fún gbogbo Ibùdó, tọmọdé tàgbà. Mo rántí ìyẹn. Mo rántí ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, tó fún mi ní bisikí, tó ń bi mí léèrè. Mo wò ó ṣùn-ùn. Mo rò pé Ọlọ́run ni mò ń sìn.

Mo bi yín lórí ẹní yẹn pé, “Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn, ẹ sì lọ?”

Ẹ ní, “Mo mọ̀. Mo lọ.” Ẹ wá yíjú sí ògiri.

Ìgbà yẹn ni ìlẹ̀kùn wa yé mi. Láti ìgbà tí ẹ ti mú mi kúrò ní Ibùdó, tí a ti wá ń gbé Atíkorí, mi ò gbọ́ kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ni. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, ẹ ó dìde, ẹ ó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn olè ń da àdúgbò láàmú, tí gbogbo èèyàn ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí láti ìrọ̀lẹ́, tiwa ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo bá yín jà títí. Mo ní, “Bàbá, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ ná!” Ẹ ò ní dáhùn. Ẹ ó kàn máa gbọn àga fún ẹni tó wọlé. Mo pè é ní àìbẹ̀rù. Mo fi ń yangàn nídìí ẹ̀rọ omi.

Nígbà tí àwọn aláṣọ funfun lọ tán, mo ro gbogbo ẹ̀ fún Múní. Òun nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó ní, “Màmá, ẹ kàn sọ pé ara yín ò yá. Ẹ má lọ. Ẹ ò purọ́, ẹ ò sì já Bàbá àgbà kulẹ̀.” Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sílé, àwọn yẹn á ṣì kúnlẹ̀. Mo gbìyànjú kí n má ronú kan eékún wọn. Mo ń ro gàrí, eékún wọn ni mò ń rí. Mo ń wẹ̀, eékún wọn ni.

Mo lọ. Múní tẹ̀lé mi. Mọ́tò gbé wa gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Mákún-Omi, a wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ẹ ò ní mọ Ibùdó mọ́. Omi ti jẹ iyanrìn tí ẹ ti ń kọ́ wọn ní títò. Ibi tí a sin màmi sí ti wọ omi, òpó kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi mọ ọ̀gangan ẹ̀, àwọn ẹyẹ etí omi ló ń bà lé e. Mo ní kí awakọ̀ rọra. Mo fi ọwọ́ kan omi.

Òkúta yín ga ju mí lọ, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Wọ́n fi mí jókòó sórí àga ọlọ́lá. Ará Èbúté dúró sínú oòrùn lọ́wọ́ òsì, ìwọ̀nba àgbà díẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn, wọ́n bọ́ bàtà bí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe. Bàbá arúgbó kan ló ṣíwájú wọn, Bàbá Táyé ni wọ́n ń pè é, a ó jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Mo gbọ́ tí ọmọ ẹ̀ obìnrin ń sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é ká máa lọ. Àwọ̀n là ń wá, kì í ṣe iyì.” Bàbá náà ní, “Mo gbọ́. Mú apá mi.”

Àpọ́sítélì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ìjọ Ọlọ́run ti ṣetán láti dárí jini. Wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Bàbá Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eékún, eékún náà ò gbà, ọmọ ẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, ẹnì kan mú un lápá òsì, wọ́n ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ẹrù. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Kò wo òkúta. Èmi ló ń wò.

Mo dìde. Mo ní, “Bàbá, ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún wa.”

Àpọ́sítélì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àánú ló ṣe mí. Ó gbé gbohùngbohùn wá sí ẹnu mi.

Mo ní, “Èmi ni ọmọ Balógun. Bàbá mi ló yìnbọn pa ìyá mi nínú ìkùukùu, torí pé ààwẹ̀ ò jẹ́ kó dáhùn orin. Ẹ̀yin ò pa ẹnikẹ́ni. Àwa la pa yín. Bàbá mi mọ̀, ó sì sun yín. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ dìde ńbẹ̀.”

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ohùn mi ò nílò ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ bí i. Àpọ́sítélì ní, “Màmá ti darúgbó o. Ẹ bá wa mú Màmá jókòó.”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ mi ló darúgbó. Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára mi.”

Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Aláìmoore! Bàbá ẹ lo ń tà láàárín ọjà yìí! Ilé Mùsùlùmí tó o fẹ́ ló yí ẹ lórí!” Òmíì ní kí wọ́n da omi àdúrà sí mi lórí. Ariwo wá ta. Ṣé ẹ mọ ohun tí Àpọ́sítélì ṣe láti fi pa ariwo náà? Ó gbé orin ẹ̀ṣọ́. “Ta ló ń bọ̀ lórí omi o?” Gbogbo Ibùdó gbà á, tọkùnrin tobìnrin, “Ọmọ Ìmọ́lẹ̀ ni, ẹ ṣílẹ̀kùn.” Ó tún un gbé. Wọ́n tún un gbà, ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò.

Bàbá, ètè mi fẹ́ gbà á. Láti kékeré ló ti wà lẹ́nu mi. Mo há eyín mọ́ ara wọn. Àwọn ará Èbúté ò mọ ohun tí wọ́n ń gbà, àwọn náà dákẹ́. A dúró bẹ́ẹ̀, àwa tí a ò dáhùn, lójú oòrùn, láàárín orin yín. Mo ronú kan màmi níwájú ọkọ̀. Bàbá Táyé ti na ẹsẹ̀, ó ti dìde tán. Ó ń wò mí, kì í ṣe ojú ọ̀rẹ́ ló fi ń wò mí.

Ẹnikẹ́ni ò fa aṣọ. Múní ní ẹnì kan láti Mákún-Omi sọ fún òun pé ó ṣì wà lórí òkúta náà, òjò ti sọ ọ́ di dúdú. Ìjọ ti kéde pé mi ò sí lára wọn mọ́. Wọ́n ní wọ́n á gbẹ́ orúkọ ẹlòmíì sára òkúta. Ràsákì, àkọ́bí mi tí ẹ fi ẹ̀yìn yín pọ̀n, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, “Ẹni tó kú ò lè gbèjà ara ẹ̀, ẹ wá lọ bọ́ ọ síhòòhò lójú ayé.” Nídìí ẹ̀rọ omi, mo ń to igbá mi sẹ́yìn báyìí. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n tò ó.

Mi ò kábàámọ̀, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, ó ń dùn mí dé eegun. Ṣé ẹ ń bínú sí mi? Àbí nǹkan tí ẹ fẹ́ nìyẹn nígbà tí ẹ ní kí n sún mọ́ yín, tí ẹnu yín ò sì gbé e?

Lọ́sàn-án àná, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Múní ń sáré lọ béèrè ẹni tó jẹ́, torí ó ń bẹ̀rù pé àwọn Ibùdó ló wá bá wa jà. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i. Mo dìde fúnra mi, mo ṣílẹ̀kùn.

Bàbá Táyé ni, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin. Mo gbọn àga yín fún un. Mo fún un lómi, ó gbà á, ó dì í mú, kò mu ún. Ó ní ìyá òun àti àbúrò òun obìnrin wà nínú ilé tí ẹ sun. Òun lọ wẹ̀ lódò, ohun tó jẹ́ kí òun wà láyé nìyẹn. Ó ní gbogbo ayé òun ni wọ́n ti ń sọ fún òun pé bàbá òun ló fà á, pé bàbá òun pa obìnrin lórí omi. Òun fi ìyẹn bú bàbá òun títí ó fi kú. Ó gbé omi náà kalẹ̀. Ó ní, “Ibo lẹ sin bàbá yín sí?”

Mo mú un wá bá yín. Ìyẹn lẹ gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tú ewé kúrò kó lè rí ibi tí orí yín wà. Ó dúró. Mo rò pé á tutọ́, mo ti múra ẹ̀, mi ò ní dá a lẹ́kun. Kò tutọ́.

Ó ní, “Ìyá, ṣé ó jìyà kó tó kú?”

Bàbá, mo lè sọ fún un pé ẹ sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó jìyà. Ó pẹ́ lórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹrà. Kó tó dùbúlẹ̀ pàápàá, mi ò rí i kó sùn mọ́jú rí.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ó dáa.”

Kò ní òun dárí jì yín. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ẹ̀ mú un lápá, wọ́n lọ. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi yà sí títì. Lẹ́yìn náà ni mo mú ọwọ̀, mo gbá ewé orí yín kúrò. Mo gbá a mọ́ tónítóní.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀, tí kì í béèrè mọ́ pé ta ni.